Àmì Pupa Kẹrìnlélógún

Láti ọgbọ̀n ọdún, ẹni mẹ́tàlélógún ni wọ́n ti pa lórí ilẹ̀ tó wà láàárín Apá Òkè àti Apá Ìsàlẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣá lọ́gbẹ́ kò níye. Ọmọ mi obìnrin ló ka àwọn òkú náà, kì í sì í ṣe pé ó fẹnu kà wọ́n lásán. Ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sórí àwòrán ilẹ̀, ó fi àmì pupa tí kò ju hóró àgbàdo lọ sí ojú ibi tí kálukú ṣubú sí. Bàbá rẹ̀ ló fi ṣe àmì kìíní, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ló kọ́kọ́ kú. Nígbà tó parí rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá, ó pè mí wọlé, ó ní, "Màámi, wọn ò gbọdọ̀ pé mẹ́rìnlélógún. Torí ẹ̀ ni mo ṣe padà sílé ìwé."

Mo wo ògiri náà títí. Mo ní ó dà bí ara ọmọ tí ẹ̀fọn jẹ mọ́jú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀fọn ń gbà wọlé, kó lọ wo ibi tí ojú jíjẹ ti pọ̀ jù lára ọmọ, kó yéé pa àtẹ́wọ́ kiri yàrá. Ìwé kẹrin ni mo ti dá ilé ìwé dúró, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ tó lọ ń kọ́ ní yunifásítì yé mi.

Onímáàpù ni gbogbo Apá Òkè, níbi tí ilé wa wà, ń pè é láti kékeré. Bí o bá rán an níṣẹ́, á kọ́kọ́ fi igi ya ọ̀nà náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó gbéra. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti rí i. Ọkọ mi ń bá awọnlẹ̀ kan ṣiṣẹ́. Òun ló ń di ọ̀pá mú, òun ló ń po kọnkéré, òun ló ń ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ á dúró sídìí ẹ̀rọ, á di ojú kan, á ní, "Sún díẹ̀ sọ́wọ́ òsì," ọkọ mi á sún. Bó bá délé, á ní ojú lọ̀gá òun fi ń wọn ilẹ̀, ẹ̀yìn lòun fi ń wọ̀n ọ́n. Gbogbo nọ́ńbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá pè ló máa ń kọ sínú ìwé kékeré kan, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n pa á. Wọ́n rán an lọ ri òpó kẹrin sójú ààlà. Àwọn ọkùnrin Apá Ìsàlẹ̀ dé, wọ́n ní òpó náà ti wọnú ilẹ̀ àwọn. Ó ní kí wọ́n dúró de ọ̀gá òun. Ọ̀kan nínú wọn gba ṣọ́bìrì tó fi ń po kọnkéré lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń gbé omi mímu bọ̀ wá fún un ni, mo ti sún mọ́ wọn tó láti gbọ́ ìró rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣì dúró. Ìgbà kejì, ó kúnlẹ̀. Ìgbà kẹta, ó fojú bolẹ̀ sínú kọnkéré tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí kọnkéré náà gan, ojú ìka rẹ̀ mẹ́rin wà lára rẹ̀. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti hú òpó náà dànù, tòun tojú ìka.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Onímáàpù nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìyẹn pa ilé ìwé tì, ó lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, orúkọ iṣẹ́ náà sì bo orúkọ tí a sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Wẹ́dà ló bọ́ wa. Òun ló dúró ti àbúrò rẹ̀ títí ó fi gboyè àkọ́kọ́, tó fi padà lọ fún ìkejì. Bí inú bá ń bí i, á ní, "Èmi ni mo fi iná jó ojú mi, kí ìwọ lè rójú wo kọ̀ǹpútà." Bí inú rẹ̀ bá sì dùn, á bi í pé ìgbà wo ni yóò mú ọkọ wálé. Onímáàpù á nàka sí kọ̀ǹpútà. Wẹ́dà á ní ọkọ yẹn dáa, kì í jẹun, kì í na ìyàwó, àfi iná mànàmáná tó ń mu bí ọtí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn kì í fi ṣeré. Wẹ́dà fẹ́ mọ ibi tí ààlà wà gan-an. Á bi í pé ṣé ìwé tó ń kọ yìí máa sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Àbúrò rẹ̀ á ní kì í ṣe ohun tí òun ń wá nìyẹn, ohun tó ń pa èèyàn lòun ń wá. Lọ́jọ́ kan tó dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, Wẹ́dà gbá a létí, ife tó wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà fò, ó fọ́ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa gbogbo àfọ́kù náà. Bí ọmọ mi ọkùnrin ṣe rí nìyẹn: ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tí òun alára kò fẹ́ lọ.

Ọdún kan gbáko ni Onímáàpù fi rìn káàkiri àdúgbò méjèèjì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, bíi rédíò àtẹ́lẹwọ́, tó ń gba nọ́ńbà lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì. Á lọ bá ẹbí òkú, á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú òun dé ojú ibẹ̀, á tẹ ẹ̀rọ náà. Àwọn ará Apá Ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ ń lé e. Ẹnì kan da omi ìfọṣọ lù ú. Aránṣọ kan tó ń gbé nísàlẹ̀ pátápátá, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ẹ̀rọ omi, ló kọ́kọ́ ní kó wọlé, kó jókòó. Opó ni òun náà. Àwọn ọmọkùnrin Apá Òkè tiwa níbí ló gún ọkọ rẹ̀ lọ́bẹ nígbà mẹ́sàn-án níbi tó ti ń tò láti pọnmi, kẹ́ẹ̀gì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní òun kọ́kọ́ rí i pé omi ilẹ̀ pọ́n, kó tó yé òun pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní ohun tó dun òun jù ni pé ẹni tó tò lẹ́yìn ọkọ òun sún síwájú. Òun ni àmì kẹsàn-án lára ògiri wa.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣà wọ́n jọ. Ọkùnrin tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù fọ́ lórí. Ìyá àti ọmọ tí wọ́n dáná sun mọ́nú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n jẹ́ àmì méjì lójú kan náà. Nígbà tó kó gbogbo rẹ̀ pé, tó ní kí kọ̀ǹpútà wo ibi tí wọ́n ṣù jọ sí, ohun tó rí yà á lẹ́nu. Mẹ́tàdínlógún nínú mẹ́tàlélógún náà kò kú sójú ààlà rárá. Ìdí ẹ̀rọ omi ni wọ́n kú sí, tàbí ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni àdúgbò méjèèjì ń pọn, Apá Ìsàlẹ̀ ló sì wà.

Ó ní, "Màámi, ilẹ̀ ni ẹnu ń jà sí, omi ni ọ̀bẹ ń jà sí. Bí ìjọba bá ri ẹ̀rọ omi kejì fún Apá Òkè, á tán."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ yìn ín. Ó ní ó ku ohun kékeré kan: kó fa ìlà ààlà àtijọ́ sórí àwòrán náà, kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ ibi tí Apá Òkè parí sí. Onímáàpù ṣí àpótí, ó yọ ìwé kékeré bàbá rẹ̀ jáde, ó tẹ àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìlà búlúù jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tíì rí i, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sí yunifásítì. Wẹ́dà wá jẹun ọ̀sán. Ó tún bẹ̀rẹ̀: ọdún méjì gbáko, ògiri tó kún fún òkú, kí ni ìwé náà ṣe fún bàbá àwọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nítorí àbúrò rẹ̀. Èmi ni mo wọ yàrá, èmi ni mo fa ìwé náà jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, èmi ni mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Mo ní, "Wá wo iṣẹ́ àbúrò ẹ. Nọ́ńbà bàbá ẹ ló fi ya ààlà yẹn."

Ó nu ọwọ́. Ó fi ìka tọ ìlà búlúù náà, òpó kìíní, ìkejì, ìkẹta. Òpó kẹrin wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti kọjá ẹ̀rọ omi, ó wà nínú àgbàlá aránṣọ. Èmi náà ń wò ó. Àmì pupa bàbá wọn wà lókè, òpó kẹrin wà nísàlẹ̀. Èmi tí mo rí ọkùnrin yẹn tó fojú bolẹ̀ sínú kọnkéré òpó náà, ojú mi rí i pé wọ́n jìnnà síra wọn. Mo rò pé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yà á nìyẹn. Inú mi ń dùn, mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Wẹ́dà kò parí oúnjẹ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ omi yẹn, tiwa ni. Bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì pa á, a wá ń tò lẹ́yìn wọn." Ó ká ìwé náà sápò, ó jáde. Mo pè é, kò wẹ̀yìn.

Kò pẹ́ sí i tí fóònù mi dún, Onímáàpù ni. Ní yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì bi ọmọ mi léèrè pé, "Ṣebí o ní ìdí òpó kẹrin ni wọ́n pa bàbá ẹ sí. Kí ló dé tí bàbá wà lókè, tí òpó wà nísàlẹ̀?" Ọmọ mi ní kó tó sọ ọ́ tán lòun ti rí ibi tí òun ti ṣì í. Ibi tí àwọn awọnlẹ̀ àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tí sátẹ́láìtì ti ń kà á. Ó dà bí ẹni méjì tí wọ́n ní kí wọ́n rin ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, tí ọ̀kan gbéra lẹ́nu ọ̀nà, tí èkejì gbéra nínú yàrá. Nọ́ńbà kan náà ni, ibi tí wọ́n máa dúró sí kò lè jẹ́ ọ̀kan. Èèyàn gbọ́dọ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà pé nọ́ńbà àtijọ́ nìwọ̀nyí, kó lè sún wọn padà sáyè wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì wọn mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ìwé bàbá rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, lẹ́tà bàbá rẹ̀ ló ń wò, ó gbàgbé. Àádọ́fà ìṣísẹ̀ ni gbogbo ààlà náà fi yẹ̀ sísàlẹ̀.

Ohun tó bi mí lórí fóònù ni, "Màámi, ìwé tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi ńkọ́?" Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un lọ. Ìró bàtà rẹ̀ ni mo ń gbọ́, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tí èmi fi máa dé Apá Ìsàlẹ̀, wọ́n ti wọ àdúgbò náà. Bí ogún ọkùnrin ni, àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nítòsí ti Wẹ́dà, àdá, irin àti òòlù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti lẹ ìwé náà mọ́ ara ẹ̀rọ omi, ẹnì kan sì ń pariwo pé kọ̀ǹpútà ti sọ ọ́, pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ojúsàájú. Wọ́n ń fọ́ fèrèsé. Wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì àwọn tó tò láti pọnmi nípàá. Bàbá kan fọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ṣá ọwọ́ náà, mo sì fẹsẹ̀ kọjá ìka méjì lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ń sá lọ, wọ́n fi irin gbá a lójúgun, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àyà ṣubú kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa kanlẹ̀. Mo ń pe orúkọ ọmọ mi ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Wẹ́dà wà nínú àgbàlá aránṣọ pẹ̀lú òòlù ńlá tó fi ń na irin, ó ń fọ́ ilẹ̀kùn. Aránṣọ wà níwájú ilẹ̀kùn náà, sísọ́ọ̀sì ìgéṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé e sókè. Ó ń sọ fún un pé, "Ọmọ mi, mo mọ àbúrò ẹ. Àga yìí ló máa ń jókòó sí." Wẹ́dà ní kó kúrò lórí òpó bàbá òun. Kò kúrò. Ó fi igi òòlù náà gbá a lápá, egungun rẹ̀ dún bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ọmọ aránṣọ, tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé, gbọ́ igbe ìyá rẹ̀. Ọ̀pá irin ló mú jáde.

Ìgbà náà ni Onímáàpù bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù kó tó dúró. Láti ẹnu géètì ló ti pariwo, ohùn rẹ̀ ti ya.

"Bọ̀ọ̀dá mi, irọ́ ni ìwé yẹn. Èmi ni mo ṣì í."

Wẹ́dà gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó sọ òòlù náà kalẹ̀, ó yíjú wò ó. Ẹ̀bá etí tó fi gbọ́ ọ ni ọ̀pá irin náà bà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, bàbá rẹ̀ gba mẹ́ta. Ó ṣubú, ó fi orí lé ẹnu ọ̀nà aránṣọ bí ẹni tó fẹ́ sùn, ojú rẹ̀ ṣì wà lára àbúrò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ti ihò imú rẹ̀ jáde wọnú ẹnu. Aránṣọ fi apá tó kù fún un fa aṣọ kan tí kò tíì rán tán kúrò lórí máṣíìnì, ó fi bò ó.

Ọlọ́pàá mú ọmọ aránṣọ. Wọ́n mú mẹ́fà nínú tiwa. Apá Òkè ò sì dárí ji Onímáàpù. Wọ́n ju òkúta títí kò fi ku gíláàsì kan lójú fèrèsé wa. Àwọn obìnrin tó wá bá mi sunkún ń sọ lẹ́yìn mi pé ó fi kọ̀ǹpútà pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè rí nǹkan kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá kí wa, ó ní kó yan iṣẹ́ mìíràn, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìdí. Oṣù márùn-ún ni kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Láàárín rẹ̀ ni mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo fa ìwé náà jáde. Ó ní òun ti mọ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun kì í wọ yàrá òun tí òun ò bá sí nílé.

Ohun tí kò jẹ́ kó jókòó ni ìwé tí kò parí. Bí kò bá parí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹ̀rọ omi kejì. Bó bá parí rẹ̀ tó sì fi í sílẹ̀ sí mẹ́tàlélógún, irọ́ kejì nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀rọ kékeré náà, ó ní kí n sin òun lọ.

Aránṣọ ṣílẹ̀kùn tuntun fún wa. Apá rẹ̀ ti tẹ̀. Ó ní, "Ìyá Onímáàpù, ẹ wọlé." Mi ò wọlé. Mo fa ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ ẹ̀rọ náà níbẹ̀, lójú títì. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni. Bí àmì Wẹ́dà bá wà lójú títì, á jẹ́ ẹni tí ìjà ká mọ́ ọ̀nà omi bíi tàwọn yòókù. Bó bá wà nínú àgbàlá, gbogbo ẹni tó bá ka ìwé náà á mọ̀ pé ilé onílé ló lọ fọ́.

Ó ní, "Màámi, àádọ́fà ìṣísẹ̀ ló pa Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ wá fẹ́ ká fi mẹ́wàá lé e."

Aránṣọ ti gbọ́. Ó ní, "Ẹ fi sójú títì tí ìyẹn bá máa jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní ibẹ̀ ni."

Ká ní kò sọ ọ́ ni, bóyá ǹ bá ṣì máa bẹ̀ ẹ́. Mo rántí ọkọ rẹ̀, àmì kẹsàn-án, tó wà lára ògiri ilé mi níbi tó kú sí gan-an, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí kò sẹ́ni tó sún un. Mo wọ àgbàlá náà. Mo mọ ibẹ̀, wọ́n ti da yanrìn tuntun sí i. Mo dúró lé e lórí.

Onímáàpù gbé ẹ̀rọ náà sókè, ó di ojú kan nítorí oòrùn.

"Ẹ sún díẹ̀ sọ́wọ́ òsì," ló wí. "Ibẹ̀ lorí wọn wà."

Mo sún. Ó fi ìka lé e, kò tẹ̀ ẹ́. Ó wá gbé e fún mi, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà jáde, mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi sì ń kọ wọ́n sínú ìwé kékeré bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ó kọ ibi tí sátẹ́láìtì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.